Táyà àti Ilẹ̀

A kì í sá eré ọ̀sán lásán. Bí ènìyàn kò bá lé nǹkan, nǹkan ń lé e. Báyìí ni àwọn baba wa ṣe wo ọ̀rọ̀ eré sísá, tí wọ́n kà á sí ohun tí ó gbọ́dọ̀ ní ìdí. Ṣùgbọ́n nígbà tí ogun àgbáyé kejì parí ní 1945, àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà ní Amẹ́ríkà, pàápàá ní Kalifọ́níà, tí eré tí wọ́n ń sá kò ní ìdí mìíràn ju eré náà lọ. Wọn a gbé ọkọ̀ àlòkù tí wọ́n ti tú palẹ̀ tí wọ́n sì tún tò lọ sí pápá ọkọ̀ òfuurufú tí àwọn ológun ti pa tì, wọn a tò ó ní méjì méjì, wọn a sì sá a ní ìlà tààrà, láìyà sọ́tùn-ún, láìyà sósì, fún ìdámẹ́rin máìlì péré, èyí tí í ṣe nǹkan bí mítà 402. Ẹni tí ó bá kọ́kọ́ dé òpin ni ó jẹ ẹ́. Ní 1951, Wally Parks kó wọn jọ sábẹ́ ẹgbẹ́ tí a ń pè ní NHRA kí eré náà lè kúrò ní ìgboro, ní 1955 wọ́n sì ṣe ìdíje àpapọ̀ wọn àkọ́kọ́ ní ìlú Great Bend ní ìpínlẹ̀ Kansas. Eré yìí ti di iṣẹ́ oúnjẹ òòjọ́ fún àwọn kan láti ìgbà náà, ṣùgbọ́n àìmọye ènìyàn ni ó ṣì ń sá a fún ìgbádùn lásán, tí wọn a ti ibi iṣẹ́ wọn wá ní òpin ọ̀sẹ̀, tí wọn a sì fi ọkọ̀ tí ó ń gbé wọn lọ síbi iṣẹ́ díje.

Ẹni tí kò bá mọ ìdí ọ̀rọ̀ yóò rò pé ẹ́ńjìnnì ni ó ń jẹ eré náà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Gbogbo agbára tí ẹ́ńjìnnì bá ní, ojú kan ṣoṣo ni ó ti lè ná an, ibẹ̀ sì ni ibi tí táyà ti kan ilẹ̀, tí kò fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ àgbàlagbà lọ lábẹ́ táyà ọkọ̀ kékeré kọ̀ọ̀kan. Bí táyà bá di ilẹ̀ mú níbẹ̀, ọkọ̀ lọ. Bí kò bá dì í mú, táyà yóò máa yí lójú kan ni, èéfín yóò sọ, ariwo yóò ta, ọkọ̀ yóò sì dà bí ẹni tí ó fẹ́ gun ògiri amọ̀ tí òjò ń pa. Ìdí nìyí tí àwọn ọlọ́gbọ́n inú wọn fi ń kọ́kọ́ ra táyà kí wọ́n tó fi owó kan ẹ́ńjìnnì.

Ọgbọ́n tí wọ́n ń ta sí i kò ṣòro láti lóye. Wọ́n ń lo táyà tí rọ́bà rẹ̀ rọ̀, nítorí rọ́bà tí ó rọ̀ a máa wọ inú àwọn ihò wẹ́wẹ́ ojú ọ̀nà, a sì máa lẹ̀ mọ́ ọn. Táyà wọn kò ní ilà lójú rárá, ó ń dán bí orí apárí, kí gbogbo ojú rẹ̀ lè kan ilẹ̀. Wọ́n ń dín afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ kù kí ìdí táyà lè tẹ́ pẹrẹsẹ. Kí eré tó bẹ̀rẹ̀, wọn a da omi sílẹ̀, wọn a gbé táyà sínú rẹ̀, wọn a sì tẹná mọ́ ọn kí ó yí lójú kan títí tí yóò fi gbóná, nítorí táyà gbígbóná a máa lẹ̀ ju tútù lọ. Ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ ń fi ẹsẹ̀ ẹ̀yìn wa ara rẹ̀ yóò wá ọ̀nà tí ẹrù ọkọ̀ yóò fi tẹ ẹ̀yìn bí ọkọ̀ bá fò síwájú. Ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ ń fi ẹsẹ̀ iwájú fa ara rẹ̀ ni iṣẹ́ rẹ̀ le, nítorí bí ọkọ̀ bá ti fò, iwájú ni yóò fúyẹ́; òun a máa dín afẹ́fẹ́ iwájú kù, a sì jẹ́ kí tẹ̀yìn le dáadáa. Táyà tí wọ́n ń lò yìí kì í pẹ́ jẹ run. Wọ́n mọ̀ bẹ́ẹ̀, kò sì dùn wọ́n, nítorí mítà 402 ni ó fẹ́ sá. Láti 2008 pàápàá, mítà 305 ni àwọn ọkọ̀ tí ó yára jù nínú eré náà ń sá, lẹ́yìn tí Scott Kalitta kú sórí pápá ní ọdún náà.

Òǹkàwé lè máa bi ara rẹ̀ léèrè pé kí ni eré àwọn ará Amẹ́ríkà wá ṣe nínú ìwé tí ó dá lórí àṣà wa. Ohun tí ó mú mi dé ibẹ̀ ni ọ̀nà tí ó gba Ìbàfò àti Mowé kọjá, àti èyí tí ó gba Ifọ̀ kọjá. Lójú ọ̀nà méjèèjì yìí, a ń rí táyà tí ó pá lórí bí ti àwọn asáré náà, a ń rí táyà tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ kò tó bí tiwọn, a ń rí táyà tí rọ́bà rẹ̀ rọ̀ ju bí ó ti yẹ lọ, tí ó sì gbóná débi tí ènìyàn kò lè gbọ́wọ́ lé e. Ohun gbogbo tí asáré fi ń borí ni awakọ̀ wa ní. Ìyàtọ̀ tí ó wà níbẹ̀ ni pé òun kò yàn án. Bí ọ̀rọ̀ sì ṣe dé ibi tí ó dé yìí jẹ́ ìtàn tí ó gùn ju bí ọ̀pọ̀ wa ti mọ̀ lọ, nítorí àwa gan-an wà níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Charles Goodyear, ará Amẹ́ríkà, ni ó rí i ní 1839 pé bí a bá po rọ́bà mọ́ imí-ọjọ́ tí a sì fi iná sí i, kò ní yọ́ nínú oòrùn mọ́, kò sì ní gan nínú òtútù. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Thomas Hancock ṣe irú rẹ̀, ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan sì fún iṣẹ́ náà ní orúkọ Vulcan, òrìṣà iná àti alágbẹ̀dẹ àwọn ará Róòmù àtijọ́. Láti ara orúkọ yìí ni a ti rí fọkanáísà tí ó jókòó sábẹ́ agboòrùn lẹ́bàá ọ̀nà. Mo rò pé kò sí iṣẹ́ ọwọ́ kankan ní ìlú wa tí orúkọ òyìnbó rẹ̀ bá ìgbàgbọ́ wa mu tó èyí: ọmọlẹ́yìn òrìṣà alágbẹ̀dẹ ni wọ́n sọ ọ́ ní èdè tiwọn, ẹni tí ó ń ṣiṣẹ́ fún ọkọ̀ tí í ṣe ti Ògún ni ó sì jẹ́ ní èdè tiwa. Kí á má ṣe ṣì í pè o: orúkọ odò ni Ògùn tí ìpínlẹ̀ wọn ń jẹ́, òrìṣà sì ni Ògún tí awakọ̀ ń bẹ̀.

Ní 1888, John Boyd Dunlop, oníṣègùn ẹran tí ó ń gbé ní Belfast, ṣe táyà oníafẹ́fẹ́ fún kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ọmọ rẹ̀. Ará Scotland kan, Robert William Thomson, ti ronú kan irú rẹ̀ láti 1845, ṣùgbọ́n ayé kò tíì nílò rẹ̀ nígbà náà. Ohun tí ó sọ táyà Dunlop di ìlú mọ̀-ọ́n-ká ni eré ìje. Ní 1889, ọkùnrin kan tí ń jẹ́ William Hume gun kẹ̀kẹ́ tí a fi táyà náà sí lọ síbi ìdíje ní Belfast, àwọn tí wọ́n gun kẹ̀kẹ́ olójú líle kò sì rí ẹ̀yìn rẹ̀. Ṣé ẹ ò rí i pé láti ọjọ́ tí táyà oníafẹ́fẹ́ ti dáyé ni eré ti wà nínú rẹ̀. Láàárín ọdún díẹ̀, kẹ̀kẹ́ gba ìgboro kan ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà, gbogbo ayé sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá rọ́bà.

Níbí ni ọ̀rọ̀ ti kan ilẹ̀ Yorùbá. Igi kan wà nínú igbó wa tí à ń pè ní ìrẹ́, tí oje rẹ̀ funfun bí wàrà, tí ó sì ń dì bí a bá sè é. Ogun Kírìjì parí ní 1893, àwọn ọ̀nà là, àwọn tí wọ́n ti wà ní bùdó ogun fún ọdún pípẹ́ sì ń wá iṣẹ́. Lákòókò gómìnà Gilbert Carter ní Èkó, àwọn ènìyàn láti Gold Coast tí wọ́n ti mọ iṣẹ́ náà wá fi bí a ti ń kọ igi náà hàn, kíákíá ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ sì rọ́ wọ inú igbó. Ní ọdún 1895 nìkan, rọ́bà tí ó gba èbúté Èkó jáde ju mílíọ̀nù márùn-ún ìwọ̀n páùn lọ. Ẹ fi ojú inú wò ó: ní ìgbà tí mọ́tò kò tíì dé ilẹ̀ wa rárá, oje igi wa ti ń sáré lójú títì Yúróòpù àti Amẹ́ríkà.

Ṣùgbọ́n wọn kò kọ igi náà ní ìkọ tí yóò jẹ́ kí ó yè. Àwọn kan gé e lulẹ̀ kí gbogbo oje rẹ̀ lè dà lẹ́ẹ̀kan náà, àwọn mìíràn kọ ọ́ ní ilà láti ìdí dé òkè tí ó fi gbẹ. Kí ọ̀rúndún náà tó parí, ìrẹ́ ti tán nínú ọ̀pọ̀ igbó tí ó súnmọ́ ọ̀nà, òwò náà sì wó. Ó yẹ kí á fi òtítọ́ kún un pé ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ilẹ̀ wa kò tó ìdá kan nínú ohun tí rọ́bà fojú àwọn ará Kóńgò rí lábẹ́ Ọba Leopold ti Bẹ́ljíọ̀mù, níbi tí wọ́n ti ń gé ọwọ́ ènìyàn, gẹ́gẹ́ bí Roger Casement ṣe fi hàn nínú ìjábọ̀ rẹ̀ ní 1904. Tiwa, ọwọ́ ara wa ni a fi pa igi wa. Nígbà tí rọ́bà tún padà wá, igi mìíràn ni ó gbé e wá, igi Brazil tí Henry Wickham kó èso rẹ̀ lọ sí Lọ́ńdọ̀nù ní 1876, tí ó sì wá fìdí múlẹ̀ ní apá Sàpẹ́lẹ̀ àti Bìní.

Ifọ̀ ni ó kọ́kọ́ mọ ohun tí à ń pè ní ìrìnnà òde òní nínú àwọn ìlú mẹ́ta tí mo dárúkọ, irin sì ni ó fi mọ̀ ọ́n, kì í ṣe rọ́bà. Ní 1896 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin láti Èkó; ó gba Ifọ̀ kọjá lọ sí Abẹ́òkúta, a sì ṣí i dé Ìbàdàn ní 1901. Nígbà tí ó yá, Ifọ̀ di oríta tí irin ti yà lọ sí Ìlaròó àti Ìdọ̀gọ̀. Ọkọ̀ ojú irin kò ní wàhálà pé ó fẹ́ di ilẹ̀ mú. Irin lórí irin ni, ọ̀nà rẹ̀ ni ó dì í mú. Mọ́tò ni ó kó ọ̀rọ̀ ilẹ̀ dé. Ọ̀nà Ìbàdàn sí Ọ̀yọ́, tí wọ́n là ní nǹkan bí 1906, wà lára àwọn ọ̀nà àkọ́kọ́ tí a là fún mọ́tò ní Nàìjíríà. Ní Èkó, W. A. Dáwódù di ògbóǹtarìgì nínú títa mọ́tò àti títún un ṣe. Lẹ́yìn náà ni bọ́lẹ̀kájà onípákó gba ìlú, tí ó ń kó kòkó àti ènìyàn pọ̀ lórí ilẹ̀ pupa. Nígbà òjò, ilẹ̀ amọ̀ náà a máa yọ̀ bí ilá, èrò a sì sọ̀kalẹ̀ ti ọkọ̀. Àwọn awakọ̀ ayé ọjọ́un mọ̀ pé ilẹ̀ ni ọ̀gá, nítorí ojoojúmọ́ ni ilẹ̀ ń fi hàn wọ́n.

Òmìnira dé ní 1960, ìrètí sì wà pé ohun tí igi ìrẹ́ kò lè ṣe fún wa, ilé-iṣẹ́ yóò ṣe é. Michelin kọ́ ilé-iṣẹ́ táyà sí Port Harcourt, Dunlop kọ́ tirẹ̀ sí Ìkẹjà, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1963. Orúkọ Dunlop wọ inú èdè wa débi pé bàtà rọ́bà onítẹ̀ẹ́lẹ̀ pẹlẹbẹ tí ọmọdé ń wọ̀ lọ sí ẹ̀yìnkùlé ń jẹ́ dúnlọ́pù. Fún ogójì ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹni tí ó bá fẹ́ ra táyà tuntun lè ra èyí tí wọ́n ṣe nílé, tí wọ́n ṣe fún oòrùn wa àti fún ojú ọ̀nà wa. Ní ọdún 1960 kan náà ni ilé-iṣẹ́ sìmẹ́ńtì Ewékorò, tí kò jìnnà sí Ifọ̀, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ọ̀nà Ifọ̀ sì di ọ̀nà tírélà tí ó ru ẹrù wúwo. Ẹni tí ó bá ti rìn tẹ̀lé irú tírélà bẹ́ẹ̀ ní Pápálántò mọ ohun tí mò ń sọ: kòtò tí ìwúwo wọn gbẹ́ sójú ọ̀nà ni ó ń jẹ táyà àwọn ọkọ̀ kéékèèké tí ń bọ̀ lẹ́yìn.

Ní 1978, ìjọba ológun Ọ̀gágun Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ ṣí ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, tí gígùn rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí kìlómítà 127. Ọ̀nà náà gba àárín ilẹ̀ oko kọjá ní ìjọba ìbílẹ̀ Ọbáfẹ́mi-Owódé. Ìbàfò àti Mowé tí wọ́n jẹ́ abúlé nígbà náà bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ̀, nítorí ilẹ̀ wọ́n ní Èkó. Àwọn ìjọ ńláńlá ra ilẹ̀ sí ẹ̀bá ọ̀nà náà pẹ̀lú. Láti 1983 ni Àgọ́ Ìràpadà ti bẹ̀rẹ̀ nítòsí Mowé. Ènìyàn kún. Àwọn tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Èkó tí ó sì ń sùn ní Mowé di ẹgbẹẹgbẹ̀rún lọ́nà ọ̀pọ̀lọpọ̀. Ọ̀nà tí wọ́n là fún ìrìn àjò jíjìn di ọ̀nà àdúgbò, tí dánfó ń dúró gba èrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí àwọn mìíràn ti ń sáré 120. Àti pé, fún ìgbà àkọ́kọ́ nínú ìtàn wa, ilẹ̀ kò kìlọ̀ fún awakọ̀ mọ́. Ọ̀dà tẹ́, ó dán, ó dà bí ẹni pé ó gba ohunkóhun.

Ohun tí ó bá ètò yìí jẹ́ kò pẹ́ dé. Ní 1986 ìjọba Babangida gbé ètò àtúntò ọrọ̀ ajé kalẹ̀, náírà já wálẹ̀, ọkọ̀ tuntun àti táyà tuntun sì kúrò ní ọwọ́ mẹ̀kúnnù. Nígbà náà ni ọ̀rọ̀ náà Tókunbọ̀, tí í ṣe orúkọ ọmọ tí a bí sí òkè òkun tí a sì gbé wálé, di orúkọ ọkọ̀ àti táyà àlòkù. Àwọn mìíràn a máa pè é ní Bẹ́ljíọ̀mù. N kò mọ orúkọ mìíràn tí a fi wọ́lẹ̀ tó èyí. Orúkọ tí a fi ń yọ̀ mọ́ ọmọ di orúkọ ohun tí ẹlòmíràn ti jù nù. Michelin ti ilé-iṣẹ́ rẹ̀ ní 2007, Dunlop sì dá iṣẹ́ táyà ṣíṣe dúró ní Ìkẹjà ní 2008: iná mànàmáná kò tó, owó orí táyà tí ń ti òkèèrè wọlé sì ti dínkù débi pé èyí tí wọ́n ṣe nílé wọ́n jù ú lọ. Ọdún 113 lẹ́yìn tí rọ́bà wa kún èbúté Èkó fún títà, a di ẹni tí ń ra táyà tí àwọn ẹlòmíràn ti gùn tán.

Òfin mọ̀ nípa rẹ̀. Táyà àlòkù wà nínú ìwé ohun tí Ilé-iṣẹ́ Aṣọ́bodè kò gbọdọ̀ jẹ́ kí ó wọlé, àfi àwọn táyà ńlá ti tírélà tí wọ́n fẹ́ tún ojú wọn ṣe. Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ rìn dé Ìbàfò kí ẹ wo bí wọ́n ti tò ó ní ìpele ìpele. Ohun tí ó wà nínú ìpele náà ni ó yẹ kí á bojú wò dáadáa, nítorí ibẹ̀ ni ọgbọ́n àwọn asáré Amẹ́ríkà ti wúlò fún wa.

Àkọ́kọ́ ni ti rírọ̀ rọ́bà. Ọ̀pọ̀ nínú táyà tí ó ń ti Yúróòpù wá jẹ́ táyà ìgbà òtútù, tí wọ́n fi rọ́bà rírọ̀ ṣe kí ó má baà gan nígbà tí yìnyín bá bo ilẹ̀. Àmì òkè tí a ya ẹyọ yìnyín sínú rẹ̀ wà lára rẹ̀. Nínú oòrùn wa, irú rọ́bà bẹ́ẹ̀ a máa rọ̀ jù, a máa jẹ kíá, kì í sì í dúró dáadáa bí a bá tẹ bíréékì. Asáré fẹ́ irú rọ̀ bẹ́ẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀. Ẹni tí ó ń ti Mowé lọ sí Ọ̀jọ́ta láràárọ̀ kò fẹ́ ẹ.

Ti pípá lórí ni ó burú jù, nítorí ó ń tan ènìyàn. Nínú ẹ̀ẹ̀rùn, táyà tí ó pá lè di ilẹ̀ mú dáadáa. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, àwọn asáré kò ní lò ó. Awakọ̀ dánfó tí ó bá ní táyà òun ṣì dára kò purọ́, ohun tí ó rí láti oṣù Ọ̀pẹ títí di oṣù Ẹrẹ́nà ni ó sọ. Òjò ni kò tíì rí. Ilà ojú táyà kò sí fún ẹwà, ojú àgbàrá ni, ibẹ̀ ni omi ń gbà jáde kí rọ́bà lè kan ilẹ̀. Bí kò bá sí ilà mọ́, omi yóò dúró sí àárín táyà àti ọ̀dà, ọkọ̀ yóò sì máa lọ lórí omi bí ọkọ̀ ojú omi. Ní 1963, àwọn onímọ̀ ní àjọ NASA ti Amẹ́ríkà, tí wọ́n ń wádìí bí ọkọ̀ òfuurufú ṣe ń yọ̀ lórí pápá tútù, ṣírò rẹ̀ pé eré tí táyà ti ń gbéra kúrò nílẹ̀ so mọ́ afẹ́fẹ́ inú rẹ̀. Bí a bá lo ìṣirò náà fún táyà tí gèéjì kà á sí 32, ó ń lọ sí nǹkan bí kìlómítà 94 láàárín wákàtí kan. Bí afẹ́fẹ́ náà bá wálẹ̀ sí 25, kìlómítà 83 ti tó. Eré tí òfin ìrìnnà fi àyè gba ọkọ̀ kékeré ní ọ̀nà márosẹ̀ jẹ́ 100. Ẹ fi èyí wé ara wọn fúnra yín. Bí ọkọ̀ bá ti gbéra báyìí, ọwọ́ ìdarí yóò fúyẹ́ lọ́wọ́ awakọ̀, bíréékì kò sì ní í ṣe ohunkóhun. Kí ó gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí iná ní ìrọ̀rùn kí ó sì di ọwọ́ mú tààrà ni ó kù. Àwọn kan a máa fi ọ̀bẹ gbígbóná gé ilà tuntun sójú táyà tí ó ti pá, tí yóò sì máa dán bí ẹni pé àná ni wọ́n ṣe é. Ohun tí ọ̀bẹ náà gé kúrò ni ìwọ̀nba rọ́bà tí ó bo okùn inú táyà.

Afẹ́fẹ́ tí kò tó ni ẹ̀kẹta. Asáré ń dín in kù nítorí ọ̀nà rẹ̀ kò gùn. Bí táyà tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ kò tó bá ń sáré fún wákàtí kan lábẹ́ oòrùn, tí èrò méjìdínlógún sì wà nínú ọkọ̀, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ yóò máa ká, yóò máa nà, ooru yóò pọ̀ nínú rẹ̀ títí tí rọ́bà àti wáyà inú rẹ̀ yóò fi yà kúrò lára wọn. Ohun tí à ń gbọ́ lẹ́yìn náà ni ìró bí ìbọn. Àwọn kan sì gbà pé ooru ni ó ń bẹ́ táyà, nítorí náà kí á dín afẹ́fẹ́ rẹ̀ kù nínú ẹ̀ẹ̀rùn. Òdìkejì òtítọ́ gan-an nìyẹn. Iye tí ó yẹ wà lára òpó ilẹ̀kùn awakọ̀, àárọ̀ kí ọkọ̀ tó rìn ni ó sì yẹ kí á wọ̀n ọ́n.

Ẹni tí ó bá fẹ́ yan táyà kò ní láti gbẹ́kẹ̀ lé ẹnu olùtajà, nítorí táyà ń sọ̀rọ̀ fún ẹni tí ó bá lè kà á. 205/65R15 94H: fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 205, gíga ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jẹ́ ìdá 65 nínú 100 fífẹ̀ náà, ríìmù rẹ̀ jẹ́ íǹṣì 15, ó lè ru kílò 670, kò sì gbọdọ̀ kọjá kìlómítà 210 láàárín wákàtí kan. Lára àwọn tí wọ́n ṣe fún Amẹ́ríkà, a tún ń rí AA, A, B tàbí C, tí ó ń sọ bí ó ti lè di ilẹ̀ tútù mú tó. AA ni ó ga jù. Bí ó bá jẹ́ méjì péré ni owó rẹ̀ ká, ẹ̀yìn ni kí ó fi wọ́n sí, àní bí ọkọ̀ rẹ̀ bá tilẹ̀ ń fi iwájú fa ara rẹ̀. Iwájú ni gbogbo ènìyàn ń fi í sí níbí, àwọn fọkanáísà pẹ̀lú, ṣùgbọ́n bí iwájú bá yọ̀ ọkọ̀ yóò kàn máa lọ tààrà, bí ẹ̀yìn bá yọ̀ yóò yí po bí òkòtó.

Mo ti gbọ́ tí àwọn ọ̀mọ̀wé kan ń sọ pé àwọn awakọ̀ wa kò bìkítà nítorí wọ́n gbà pé Ògún tàbí àwọn ayé ni ó ń fa ìjàǹbá. N kò fara mọ́ ọn. Àdúrà pé kí á má rìn ní ọjọ́ tí ebi ń pa ọ̀nà kò ní kí ènìyàn má wo táyà rẹ̀. Ẹni tí ó mọ̀ pé ọ̀nà lè jẹun ni ó yẹ kí ó ṣọ́ra jù. Bí Wọlé Ṣóyínká ṣe lóye rẹ̀ nìyẹn. Eré The Road tí ó tẹ̀ jáde ní 1965 kún fún Ògún, ìsọ̀ tí ó wà nínú rẹ̀ sì ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀ tí ó ti ní ìjàǹbá. Síbẹ̀, nígbà tí wọ́n dá Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó sílẹ̀ ní 1988, òun kan náà ni ó jẹ́ alága ìgbìmọ̀ rẹ̀ àkọ́kọ́. Owó ni ó wà nídìí ọ̀rọ̀ yìí, kì í ṣe òrìṣà. Iye tí awakọ̀ ń fún ọlọ́kọ̀ lójoojúmọ́ kò yí padà nítorí táyà, táyà tuntun kan sì lè jẹ èrè ọ̀pọ̀ ọjọ́. Tókunbọ̀ ni ó ń rà, ó sì mọ ohun tí ó rà.

Ní 2013 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tún ọ̀nà márosẹ̀ náà ṣe, Julius Berger ni ó sì gba apá tí Ìbàfò àti Mowé wà. Ó ti dára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, àwọn ọkọ̀ sì ń sáré sí i. Lọ́nà Ifọ̀, ọkọ̀ ojú irin tuntun ti Èkó sí Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ ní 2021, ó sì ní ibùdókọ̀ ní Kájọlà àti Pápálántò, ṣùgbọ́n orí táyà ni ọ̀pọ̀ sìmẹ́ńtì ṣì ń gbà.

Àwọn fọkanáísà kan wà ní ẹ̀bá Mowé tí wọ́n mọ gbogbo èyí tí mo kọ, tí wọ́n sì mọ̀ ọ́n jù mí lọ. Bí ẹ bá gbé táyà wá, wọn a kọ́kọ́ yí i po, wọn a fi ìka wá nọ́ńbà mẹ́rin tí ó wà nínú kóló kékeré ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ 2319, ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019 ni wọ́n ṣe é. Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó ní kí táyà má kọjá ọdún mẹ́rin láti ọjọ́ tí wọ́n ti ṣe é. Fọkanáísà yóò ka nọ́ńbà náà sókè, yóò wo ojú oníbàárà, yóò sì dúró kí ó gbọ́ ohun tí yóò sọ kí ó tó tẹ táyà náà bọ omi.